Àwọn Tàkúté Ọgbà Etí-Ọ̀sà

Ó ti pé ọdún méjì tí dókítà ti sọ fún Mọ́fẹ́yìsára pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kó yáa máa rìn bí kò bá fẹ́ kí àìsàn gbé e ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ló fẹ́ ráyè rìn? Ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ló ń fi ilé rẹ̀ ní Lásunwọ̀n sílẹ̀, ilẹ̀ a sì ti ṣú kó tó tún wọ Ìkòròdú padà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló jẹ́ tirẹ̀. Ó ra ajá kan tí yóò máa bá a rìn, ó sì sọ ọ́ ní Fìmísílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ háyà ilé ló ń fi orúkọ náà bá wí, àwọn tí wọ́n ń sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti lé lógójì ọdún, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, ajá ló wá ń gbé pọ̀n.

Láàárọ̀ Sátidé, òun àti ajá náà a wọ mọ́tò rẹ̀, wọ́n a gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọgbà kan wà lẹ́yìn ìlú níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọgbà Etí-Ọ̀sà. Igbó gidi ni. Àwọn tó ni ín kàn la ọ̀nà ẹsẹ̀ sí i láàárín, wọ́n to bẹ́ńṣì síbi mélòó kan, wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu géètì. Èèyàn yóò rìn tó wákàtí kan lábẹ́ ọ̀pẹ àti ọparun, pẹ̀lú ariwo ẹyẹ ẹ̀ga lórí, kó tó yọ sí etí omi. Àwọn ará abúlé etí ọ̀sà náà ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ọjà ẹja, torí ọ̀nà wọn ni kí ọgbà tó dé.

Òfin ọgbà ni pé okùn gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn ajá. Mọ́fẹ́yìsára a pa òfin náà mọ́ títí dé ibi ọparun, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà sí, a wá tú okùn. Adélàjà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ti rẹ́rìn-ín sí i rí, ó ní, "Àǹtí, ẹ kàn má jẹ́ kí ọ̀gá wa rí i o." A sì fọwọ́ pa ajá náà lórí.

Ní Sátidé kan nínú oṣù kọkànlá, ó tú okùn bó ṣe máa ń ṣe. Fìmísílẹ̀ sá wọ inú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mọ́fẹ́yìsára kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tó fi gbọ́ ohùn irin, lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe kan tí kò gbọ́ rí láti ẹnu ajá.

Tàkúté onírin ló há a lẹ́sẹ̀ iwájú. Eyín irin náà ti wọlé dé egungun. Mọ́fẹ́yìsára kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa irin, irin ò gbọ́. Ajá tí kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí gé e lọ́wọ́. Ó pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì, fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

"Má fà á! Ṣé o fẹ́ já a lẹ́sẹ̀ ni?"

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń bọ̀ láti etí omi, agbọ̀n ẹja lórí rẹ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ apá tàkúté náà ní ọ̀tún àti ní òsì, ẹnu irin sì là. "Fà á jáde. Kíá!"

Nígbà tí ẹsẹ̀ ajá jáde, obìnrin náà mú tàkúté nílẹ̀, ó yí i padà, ó wo okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ èèkàn. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tú u kúrò lára èèkàn, ó jù ú sínú igbó.

"Ta ló dẹ irú nǹkan báyìí sójú ọ̀nà?" Mọ́fẹ́yìsára bi í. "Ta ni, mà?"

"Jẹ́ ká gbé ajá lọ ná."

Ó tú aṣọ ìlékè rẹ̀, wọ́n tẹ́ ajá sí i, oníkálukú di etí aṣọ kan mú. "Ẹ̀jẹ̀ ń kàn yín lára, Ìyá," ni Mọ́fẹ́yìsára wí. "Itọ́ ajá náà pẹ̀lú." Ó ti rí tẹ̀súbáà lọ́wọ́ obìnrin náà.

"Omi wà nílé. Màá fọ̀ ọ́ kí n tó kírun. Máa rìn."

Ṣẹ̀rífátù lorúkọ rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fi gbé ajá náà. Wọ́n pàdé àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n wá ya fọ́tò. Ọ̀kan gbé fóònù sókè, ó ń ya wọ́n ní fídíò. Òmíràn ní, "Ẹran Kérésì ti dé nìyẹn!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bá Mọ́fẹ́yìsára débi tó ń lọ, ó bá a padà sílé, kò sì tíì kúrò létí rẹ̀ dòní.

Lẹ́nu géètì, Adélàjà sáré pàdé wọn. "Yéè! Àǹtí! Kí ló ṣe é?" Ó bá wọn gbé ajá sí ẹ̀yìn mọ́tò, ó fọwọ́ pa á lórí. Ṣẹ̀rífátù wò ó, ó sì yí ojú kúrò.

Dókítà ẹran kan ní Ẹ̀pẹ́ ló tọ́jú rẹ̀, Láwàl lorúkọ rẹ̀, ilé ni wọ́n ti pè é wá. Ó tẹ ẹsẹ̀ náà níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó mi orí. "Egungun ti fọ́ wẹ́wẹ́, mà. Bí a bá fi í sílẹ̀, ara rẹ̀ yóò jẹrà, yóò sì kú. A ní láti gé e."

"Ẹ gé e," ni Mọ́fẹ́yìsára wí. Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò, ó fi ọwọ́ gbá sítíárìn léraléra. Ó ń bá ara rẹ̀ wí pé: Ìwọ lo tú okùn. Ìwọ náà ni. Kò sí bó ṣe yí ọ̀rọ̀ náà tí ìyẹn kò sí nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbínú rẹ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì pé ara òun ò yá. Ó mú igi gígùn kan àti àpò sìmẹ́ńtì, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi gbogbo èèyàn, ó sì wọlé. Ó ń fi igi gún ewé ní ọ̀tún àti ní òsì ọ̀nà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, irin kan pa ẹnu dé lójijì, ó sì gé orí igi náà. Ó tú u kúrò lára èèkàn, ó jù ú sínú àpò. Ó tún rí òmíràn. Nígbà tó fi dé ibi ọparun, ó ti rí méje, ó sì wá èyí tí Ṣẹ̀rífátù jù nù títí ó fi rí i. Okùn kan náà ni wọ́n fi so gbogbo wọn, okùn aláwọ̀ ewé tó nípọn. Ó mọ okùn náà. Òun ni Adélàjà máa ń ta dábùú ẹnu géètì láti fi dá mọ́tò dúró.

Ọ́fíìsì máníjà ló gbà lọ tààrà. Ògúnwálé lorúkọ máníjà náà, ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n múra. Mọ́fẹ́yìsára da àpò náà sórí tábìlì rẹ̀. Irin gbá ife tíì, tíì dà sórí ìwé.

"Mẹ́jọ," ló wí. "Nínú ọgbà tí ẹ ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́."

Ògúnwálé sún àga sẹ́yìn. "Màdáàmù, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ajá yín fún mi. Ṣé okùn wà lọ́rùn rẹ̀?"

"Ìyẹn lẹ kọ́kọ́ rí bi?"

"Òfin ni, mà."

"Kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo tú u, ẹjọ́ mi nìyẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń kó wá síbí, ṣé ẹ̀ ń so okùn mọ́ wọn lọ́rùn ni? Ẹ pe Adélàjà wá!"

Adélàjà wọlé, ó rí irin lórí tábìlì, ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀yà ni mo dẹ ẹ́ fún. Mi ò mọ̀ pé..."

"O mọ̀!" Mọ́fẹ́yìsára pariwo mọ́ ọn. "Ìwọ lo ní kí n má jẹ́ kí ọ̀gá yín rí i. O mọ ibi tí mo ti ń tú okùn. O mọ ọjọ́ tí mo ń wá. O wò mí lójú, o gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi!"

"Mo fẹ́ lọ pa wọ́n dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èrò ló pọ̀ lẹ́nu géètì. Mo gbàgbé."

"O gbàgbé."

Ògúnwálé ti ń kọ nǹkan sórí ìwé kan. Ó tì í síwájú Mọ́fẹ́yìsára: ọgbà yóò san owó ìtọ́jú ajá, Màdáàmù yóò sì fọwọ́ sí i pé òun ló tú okùn, pé òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ náà. Mọ́fẹ́yìsára gba bírò. Ó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé tàkúté mẹ́jọ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì fọwọ́ sí i. Ògúnwálé ka ìwé náà, ó ní òun kò lè gba irú èyí.

"Ẹ má gbà á nígbà náà," ni Mọ́fẹ́yìsára wí, ó sì jáde.

Wọ́n lé Adélàjà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́jọ́ Sátidé, Mọ́fẹ́yìsára rí i lórí fóònù pé ọgbà ń pe àwọn ẹlẹ́bí wá, pé ibi gbogbo tòrò.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ni wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Lásunwọ̀n. Ó ṣí i, ó bá Ṣẹ̀rífátù lójú ọ̀nà. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rí Adélàjà lẹ́yìn obìnrin náà.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," ni Ṣẹ̀rífátù wí nígbà tí wọ́n jókòó. "Ìyá rẹ̀ ti kú. Èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà. Dókítà ẹran ló júwe ilé rẹ fún mi. Mo wá bẹ̀ ọ́, ọmọ mi."

Mọ́fẹ́yìsára wò ó. "Lọ́jọ́ tí ẹ yí tàkúté yẹn padà, ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ bá mi gbé ajá, ẹ bá mi rìn títí dé géètì, ẹ sì mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo lọ bá a jà nílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè na ìka sí i níwájú èèyàn. Ọmọ mi ni."

Fìmísílẹ̀ dìde láti orí ẹní rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta tiro lọ bá Adélàjà, ó ń ju ìrù, ó sì gbé orí lé e lórúnkún. Adélàjà bú sẹ́kún. Ohun tí Mọ́fẹ́yìsára rò ni pé òun yóò dákú fún ìbínú. "Wá síbí!" ló pariwo mọ́ ajá. "Mo ní kí o wá síbí! Òmùgọ̀!" Ajá náà padà, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga.

Ó yíjú sí Adélàjà. "Mélòó lo dẹ, ìwọ yìí?"

"Mẹ́rìnlá, Àǹtí."

"Mẹ́jọ ni mo rí. Ṣé o ti ká mẹ́fà tó kù?"

Adélàjà ò gbé orí sókè. "Wọn ò jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó ṣì ku mẹ́fà. Ó ní kí n jáde."

Mọ́fẹ́yìsára ti dìde. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Ẹ dìde. Ẹ̀yin méjèèjì."

Èrò pọ̀ ní Ọgbà Etí-Ọ̀sà nígbà tí wọ́n débẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tuntun na ọwọ́, ó ní Adélàjà ò lè wọlé. Mọ́fẹ́yìsára fi mọ́tò dábùú ẹnu géètì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń pariwo sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé pé irin ń bẹ nínú ewé, kí wọ́n di ọmọ wọn mú. Ògúnwálé sáré jáde.

"Màdáàmù, ẹ fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́!"

"Ẹ jẹ́ kó wọlé kó ká wọn, tàbí kí n sun ibí mọ́jú."

Ṣẹ̀rífátù bọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ọ̀gá, bàbá mi ti ń gba ọ̀nà yìí lọ sódò kí ẹnikẹ́ni tó kan géètì sí i. Màá wọlé. Ta ló máa dá mi dúró?"

Wọ́n wọlé. Adélàjà ló ṣáájú, Mọ́fẹ́yìsára àti Ṣẹ̀rífátù tẹ̀lé e, Ògúnwálé ń bọ̀ lẹ́yìn. Adélàjà ń na ọwọ́ sí ibì kan, a bẹ̀rẹ̀, a pa irin dé, a tú u. Ó ká márùn-ún. Ó fi ibi tí èyí tó kẹ́yìn wà hàn wọ́n. Lẹ́yìn bẹ́ńṣì kan ni, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Ọmọ kejì, tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ, ń fi igi kékeré tú ewé gbígbẹ. Ṣẹ̀rífátù ti gbé ọmọ náà sókè kí ìyá rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Adélàjà fọwọ́ gbá ewé kúrò. Irin náà lanu sílẹ̀ níbẹ̀.

Ògúnwálé ṣí fìlà. Mọ́fẹ́yìsára gba tàkúté náà lẹ́yìn tí wọ́n pa á dé, ó sọ ọ́ sí ẹsẹ̀ máníjà náà. "Ẹ bi ọmọ yẹn náà bóyá okùn wà lọ́rùn rẹ̀."

Wọ́n ti géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì kó àwọn ọdẹ wá wá gbogbo igbó náà káàkiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mọ́fẹ́yìsára kò dúró wo ìyẹn. Lẹ́bàá mọ́tò, Adélàjà tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí erùpẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Ṣẹ̀rífátù wí.

"Ìyá, ẹ gbà mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀ mí nítorí rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún obìnrin náà, ó ní òun yóò gbé e dé ọjà ẹja. Adélàjà dìde, ó gbọn erùpẹ̀ nù, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Mọ́fẹ́yìsára wọlé, ó ti ilẹ̀kùn náà pa látinú.

"Ìwọ, fẹsẹ̀ rìn," ló wí, ó sì wa mọ́tò lọ.