Àkàrà Tí Mo Fi Ṣe Sàárà Sàláwù

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta tí Sàláwù ọkọ mi kú, mo ní kí n fi àkàrà ṣe sàárà fún un, kí àwọn àfáà jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n sì ṣe àdúà fún un. Ọyẹ́ mú ní Ìkàrẹ́ lọ́dún náà débi pé ètè wa bẹ́. Bó bá ti mú báyẹn, òróró máa ń dì funfun, ṣíbí la fi ń wà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ro nǹkan kan nígbà tí mo rí ike lábẹ́ tábìlì ìdáná, tí nǹkan funfun dì sínú rẹ̀. N kò gbọ́ òórùn kankan, ọyẹ́ ti dí mi nímú. Mo wà á sínú agbada, mo din àkàrà bí ọgọ́ta. Mo tọ́ ọ wò, ó ń ró kàràkàrà lẹ́nu. Àfáà mẹ́fà jẹ ẹ́, wọn ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Ìrọ̀lẹ́ ni Christiana, ìyàwó Yínúsà ọmọ mi tí a jọ ń gbé, ti ọjà dé. Ọmọ Ọ̀kà ni, onígbàgbọ́ ni. Bàbá rẹ̀, Zacchaeus, ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì.

“Màmá, ta ló gbé ike mi?”

“Ike òróró? Èmi ni. Mo fi din àkàrà sàárà.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Màmá, kì í ṣe òróró o. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni. Bàbá mi ló yọ́ ọ fún mi.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò tíì yé mi síbẹ̀.

“Kí lo fẹ́ fi ṣe nínú ilé yìí?”

“Mo máa ń fi din iṣu fún ọmọ, tí ẹ bá ti lọ kírun.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti Kérésì.”

“Agbada wo lo fi ń din ín?”

Ó wolẹ̀. Agbada kan ṣoṣo la ní.

Orí mi dàrú. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rò, ti agbada ni àbí ti ikùn mi? Àdúà tí wọ́n fi ẹnu yẹn ṣe, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ Sàláwù, àbí ó ṣẹ́rí padà lọ́nà? Ọkùnrin tí kì í jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀! Mo fẹ́ bínú sí ọmọbìnrin náà, ó ti ń sunkún, èmi náà ni mo tún ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Àfáà Badmus tó ṣáájú àdúà náà, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Ìyá Yínúsà, ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?”

“Rárá o, Àfáà. Ọyẹ́ ló tàn mí.”

“Tí ẹ kò bá mọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá agbada mìíràn, ẹ tún òmíràn din ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má sọ fáwọn yòókù.”

“Àdúà ti àná wá ńkọ́?”

“Ọlọ́run ló mọ̀.”

Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò mọ̀.

Mo ra agbada, mo ra òróró tuntun, mo din àkàrà lójú ara mi. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tún jókòó. Àfáà Suleiman jẹ ẹyọ kan, ó dúró.

“Ìyá, ẹ ò ní bínú o. Ti ìjọsí dùn ju èyí lọ. Àbí ẹ ti pààrọ̀ òróró ni?”

“Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni!” ni àwọn yòókù ń wí. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Àfáà Badmus.

Mo dúró tì wọ́n, abọ́ àkàrà lọ́wọ́ mi, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n kúnlẹ̀. “Ọyẹ́ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀ ni,” ni ohun tó jáde lẹ́nu mi.

Wọ́n tẹ́wọ́, wọ́n ń dárúkọ Sàláwù. Mo ń ṣe àmín, mo sì ń rò ó: nínú àdúà méjèèjì, èwo ló ń gbọ́?