Igi Aláṣọ Pupa

“Màmá Kamka, àgùntàn yín ló tẹ ìtẹ́ mẹ́jọ fọ́. Mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀. Lọ́la ni olórí abúlé máa lé agbo yín kúrò ní pápá yìí.”

Ohùn Sanjar ròkè débi pé ẹṣin mi na etí. Ìlú ńlá ló ti wá ka ìtẹ́ targak, ẹyẹ tí kò pọ̀ láyé mọ́, tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí ẹran ti jẹ koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Ìtẹ́ tó bá rí, á ri igi aláṣọ pupa tì í, kó má baà ṣì í. Tí wọ́n bá sì lé mi, níbo ni igba àgùntàn ó ti jẹun? Orí àpáta?

“Ìwọ rí wọn tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́?”

“Ẹran yín ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́, Màmá. Kí ló tún kù?”

“Ó ku ojú. Tẹ̀ lé mi.”

“Mi ò ráyè.”

“O ráyè kọ orúkọ mi.”

Mo mú un dé ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ kan tí kò tíì rí, mo ní kó jókòó. Mo súfèé. Agbo da bò wá bí àgbàrá.

“Màmá, ẹ dá wọn dúró, ẹ jọ̀ọ́.”

“Pa ẹnu dé.”

Ẹyẹ náà kò ju àdàbà lọ. Ó jókòó títí ó fi ku bí ìwọ̀n apá kan kí òbúkọ tó ṣáájú agbo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dìde, kò sá. Ó na ìyẹ́ méjèèjì, dúdú àti funfun, ó ké mọ́ òbúkọ lójú. Òbúkọ yà. Igba àgùntàn là sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, bí odò tó pàdé òkúta, eruku gba ojú ọ̀run, ilẹ̀ ń mì, ẹyẹ kan ṣoṣo sì dúró láàárín gbogbo pátákò yẹn. Ogójì ọdún ni mo ti ń wò ó. Irun ara mi ṣì ń dìde.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ẹyin mẹ́rin wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti sán. Àgógó kékeré ń kan ilẹ̀kùn láti inú.

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá Sanjar. Ó rọra ní, “Ta ló wá fọ́ ìtẹ́ mẹ́jọ yẹn, Màmá?”

Mo tú igi aláṣọ pupa mẹ́jọ tí mo ti fà tu láàárọ̀ nídìí àwọn ìtẹ́ yẹn kúrò lára gàárì, mo na ọ̀kan sí i nímú.

“Gbóòórùn ẹ̀. Ìtọ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Òórùn bàtà rẹ ló ń tẹ̀ lé, ìdí igi rẹ ló ti ń jẹ ẹyin. Mú bírò rẹ. Pa orúkọ mi rẹ́, kí o kọ tìrẹ síbẹ̀.”