Ojú Tó Là Nínú Àdúrà

Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé-ìwé yẹn, obìnrin kan wà tí kì í dijú gbàdúrà. Alákàn ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì ṣàdédé pè é bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tirẹ̀ ń ṣọ́ orí, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀, ó tún ń ṣọ́ abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí o bá kí i, á kọ́kọ́ wò ọ́ tòkè-tilẹ̀ kó tó dáhùn, àfi bíi pé o fi nǹkan pamọ́ sínú ìkíni náà.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, orí òrùlé ló ti já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè dá dìde lórí ibùsùn. Kọ́là, ọrùn aṣọ tí Alákàn ń rán, ni gbogbo ilé ń jẹ. Ilé-iṣẹ́ náà wá bọ́ sọ́wọ́ olówó tuntun, iṣẹ́ ò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti ń lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóòmàn, ọ̀gá tó ń bójú tó wọn, ti dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ, ó ti kìlọ̀ pé òun ò gbọ́dọ̀ rí ibi tí wọ́n ti péjọ, ì báà jẹ́ láti kí ara wọn kú iṣẹ́. Olówó tuntun gbà pé ibi tí òṣìṣẹ́ bá ti forí korí, ìyanṣẹ́lódì ni wọ́n ń sè níbẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan ń péjọ. Bí agogo ìsinmi ọ̀sán bá ti lù, wọ́n á yọ́ wọnú yàrá tí wọ́n ń kó ìdì aṣọ sí, wọ́n á dúró sáàárín àwọn ìdì náà, Màmá Bọ́tìnnì á sì gbàdúrà ní ohùn ìsàlẹ̀. Màmá yìí ni àgbà wọn, òun ló ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, abẹ́rẹ́ kì í sì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀. “Olúwa,” á wí, “a ò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí, ṣùgbọ́n ìwọ ti wà níbẹ̀ kí ọ̀la tó dé. Di ọwọ́ wa mú.” Àdúrà náà kì í gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alákàn fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò ní ohun mìíràn tó lè dì mú. Àmọ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ ni ojú rẹ̀ kan á ṣe bí ẹni pé ó dì, tí èkejì á máa rìn káàkiri.

Lọ́jọ́ kan, ojú tó ń rìn yẹn bá ojú mìíràn pàdé.

Ojú obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dákẹ́ ni. Òun ló ń lọ aṣọ lẹ́bàá ọ́fíìsì Fóòmàn. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ni, ẹ̀rín rẹ̀ gan-an kì í dún. Ó fara ti ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ là kedere, ó ń yọjú wo ìta. Kí wọ́n tó ṣe àmín, ó ti yọ́ jáde.

Alákàn ṣọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Ó wá rántí pé òun ti rí Fóòmàn tó tẹ̀ mọ́ tábìlì Dákẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí Dákẹ́ sì ń nawọ́ júwe nǹkan fún un. Àwọn tí wọ́n lé lọ láìpẹ́ yìí ńkọ́? Inú ẹgbẹ́ àdúrà ni àwọn kan nínú wọn. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Ó lọ bá Màmá Bọ́tìnnì nídìí iṣẹ́.

“Màmá, ọ̀dàlẹ̀ wà láàárín wa.”

Màmá ò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. “Ta ni?”

“Dákẹ́. Kì í dijú tá a bá ń gbàdúrà.”

“Ìwọ tó o rí i, ṣé ojú dídì lo fi rí i?”

“Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àjà tí ò fura, àjà á jìn.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a ò péjọ síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ara wa, ọmọ mi. Padà sídìí kọ́là ẹ.”

Nígbà tó délé, ó ro ẹjọ́ náà fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń wo àjà ilé bí ẹni tó ń wá ibi tí ìṣó ti yọ. “Kì í ṣe Dákẹ́ nìkan lò ń ṣọ́,” ó ní. “O ń ṣọ́ Ọlọ́run náà. O ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ olè.”

“Bàbá àwọn ọmọ, tí wọ́n bá lé mi, kí la fẹ́ jẹ?”

Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri.

Nígbà tí Màmá ò gbọ́ tirẹ̀, Alákàn dẹ pàkúté tara rẹ̀. Ó lọ bá Dákẹ́ nídìí àyọ́ọ̀nù, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Lọ́la, a ò ní lo yàrá ìdì aṣọ mọ́. Ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀ la máa lọ, ariwo ẹ̀ máa bò wá mọ́lẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Dákẹ́ wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀. “Ẹ ṣeun, àǹtí mi. Ó dáa tẹ́ ẹ sọ fún mi.”

Ó dáa lóòótọ́, Alákàn sọ nínú ara rẹ̀. Fèrèsé yàrá ìdì aṣọ kọjú sí ilé jẹnẹrétọ̀. Bí Fóòmàn bá ti lè yọ níbẹ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ parí, Màmá á fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí Màmá Bọ́tìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni Alákàn ti lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ó rí Dákẹ́ tó wá. Dákẹ́ nìkan. Ó dúró lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń dúró de ẹgbẹ́ tí kò wá. Fóòmàn ò yọ. Alákàn na ọrùn síwájú sí i, ó fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin yẹn sá pamọ́ sí. Ojú tó ń ṣọ́ gbogbo ayé, ẹ̀yìn ló kọ sí ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Fóòmàn ló wọlé.

“Ẹ máa bá a lọ,” ó ní. “Ẹ ṣàmín kí n gbọ́.”

Ẹsẹ̀ kan ń sáré bọ̀ níta, Dákẹ́ tó ti rí orí Alákàn lójú fèrèsé já wọlé tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rí gbogbo wọn, ó dúró gbagidi. Fóòmàn yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín.

“O ṣé, jàre. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ọ́. O ní kí n lọ gétì, o ní kí n lọ ẹ̀yìn ilé ìdáná, n kì í bá ẹnikẹ́ni, mo ní ẹ ń sá kiri fún mi ni. Òní ni mo kọ́kọ́ bá òótọ́ lẹ́nu ẹ.”

Ẹnì kan pòṣé. Gbogbo ojú ló yí sí Dákẹ́. Dákẹ́ ò wo ẹnì kankan àyàfi Alákàn. “Àǹtí mi,” ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, “ṣebí ẹ ní...” Ó pa ẹnu dé.

Àwọn yòókù ò lóye. Alákàn lóye. Ibi tí wọn kò sí ni obìnrin yìí máa ń júwe fún Fóòmàn lójoojúmọ́. Òní náà, ibi tó gbà pé ó ṣófo ló rán an wá, nítorí pé Alákàn ti purọ́ fún un. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

“Ta ló pè yín jọ?” Fóòmàn bi wọ́n. “Ẹni tó pè yín á lọ sílé lónìí, àwọn tó kù á padà sídìí iṣẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó sọ̀rọ̀, gbogbo yín lẹ máa lọ.”

Màmá Bọ́tìnnì gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń nàró. Alákàn rí i. Bí òun bá pa ẹnu mọ́, Màmá á lọ, orúkọ ọ̀dàlẹ̀ á mọ́ Dákẹ́ lórí, kọ́là á ṣì máa wọlé sábẹ́ ẹ̀rọ òun lọ́la. Tó bá là á mọ́lẹ̀ pé Dákẹ́ ń ṣi Fóòmàn lọ́nà ni, Dákẹ́ náà á lọ. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ẹ̀rù bà á, kò sì sí ibi kankan tó lè wò tí yóò fi ìrànlọ́wọ́ hàn án. Ó di ojú méjèèjì. Olúwa, di ọwọ́ mi mú, ó wí nínú ọkàn rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn kankan.

“Èmi ni,” ó ní. “Èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀.”

“Ọmọ mi...” Màmá bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá.”

Ó kó abọ́ oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó jáde. Àmọ́ kò lọ sílé. Ó jókòó sórí òkúta kan lódìkejì gétì títí wọ́n fi ṣíwọ́. Àwọn obìnrin náà jáde papọ̀, Dákẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bá a rìn. Alákàn dá gbogbo wọn dúró. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi iyọ̀ sí i: irọ́ tó pa, pàkúté tó dẹ, ẹni tó kó sí i. Omi ń já lójú rẹ̀, kò nù ún.

Màmá Bọ́tìnnì yíjú sí Dákẹ́. “Kí ló dé tó ò sọ fún wa pé ó ń bi ọ́?”

“Tí mo bá sọ ọ́, Màmá, ta ni ìbá tún lè dijú nínú yín?” Ó rẹrí wálẹ̀. “Irọ́ tí mo ti pa fún ọkùnrin yẹn náà pọ̀ o. Kí Ọlọ́run foríjì mí.”

Ẹ̀rín gba ẹnu wọn pẹ̀lú ẹkún. Dákẹ́ di ọwọ́ Alákàn mú. “Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Kí lẹ máa ṣe?”

“N ò mọ̀,” Alákàn dáhùn. Kò mọ̀ lóòótọ́.

“Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà,” Màmá wí. “Fóòmàn ò ní títì.”

Wọ́n forí korí lẹ́bàá ọ̀nà. Dákẹ́ ti kọjú sí gétì bí ìṣe rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Alákàn fi ọwọ́ lé e léjìká, ó yí i padà sáàárín àwọn yòókù.

“Dijú,” ó ní. “Ó kàn mí.”

Dákẹ́ dijú. Alákàn kọjú sí gétì, ó la tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣọ́ wọn títí Màmá Bọ́tìnnì fi ṣe àmín.