Òwú Pupa Lára Àwọ̀n

Onímọ̀ ẹyẹ náà kò mọ bí wọ́n ti ń da nǹkan nù. Àwọ̀n ìdẹyẹ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ìbá ti jù sí ààtàn, a gbé e lé orí itan, a máa rán an. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé òwú dúdú tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀.

Ọ̀gá tó ń bójú tó igbó ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí kò bá fi ìtẹ́ ẹ̀gà igbó han òun lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn agégẹdú yóò wọ etí odò. Ẹ̀gà yìí, ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n tí òfin dáàbò bò, kì í ṣe aláriwo tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tirẹ̀, òkè téńté ló sì ń fi ìtẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Ọjọ́ pẹ́ tí onímọ̀ ẹyẹ ti ń wá a. Ó fẹ́ mú ọ̀kan, kó so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ọn, kó lè tọ̀ ọ́ délé.

Ó bá gba ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ lọ, ó mú òwú pupa. Ìyá ní òwú aṣọ oníbàárà ni o, pé ẹni tó kàwé tó báyìí kò yẹ kó máa jí òwú. Ọmọ ní òun á dá èyí tó bá kù padà.

Nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ rí àwọ̀n náà, ẹ̀rín pa á. Dúdú ni wọ́n ń lò kí ẹyẹ má baà rí i.

"Ọ̀gá, ẹ kúkú kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má gba ibí kọjá."

Òótọ́ ni. Ẹyẹ kankan kò kó sí i. Èyí tó tún burú ni pé láràárọ̀ ni ojú ibi tó rán ń tú, tí òwú pupa ń pòórá. Ó fura sí eku, ó wo awakọ̀ níwòkuwò, ó tún un rán.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá gba ìyókù òwú. Oníbàárà ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fẹ̀yìn ti igi létí odò, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó gbójú sókè.

"Ta ló fi òwú mi ránṣọ fún igi?"

Onímọ̀ ẹyẹ gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú. Ìtẹ́ kan rọ̀ dirodiro láàárín ewé, òwú pupa yí i po, ẹ̀gà igbó sì ń fi kòkòrò sẹ́nu ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí awakọ̀ má bínú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kí àwọn agégẹdú palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ìyá náà tẹ̀ lé wọn, ó ní àfi kí òun jẹ́rìí sí òwú òun. Ó gba awò, ó yẹ ìtẹ́ náà wò fínnífínní, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọṣẹ́ wò.

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju tìẹ lọ," ó ní fún ọmọ rẹ̀.

Ó já díẹ̀ lára òwú tó ṣẹ́kù, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi.

"Kó fi èyí parí ẹ̀. Ìyókù, ti oníbàárà ni."