Àkàbà Búrẹ́dì Olegaria

Gbogbo òkè ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Ní ilẹ̀ gíga yẹn, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì bí ẹni pé wọ́n jọ jà, rédíò ni ìránṣẹ́ mẹ̀kúnnù. Láràárọ̀, lẹ́yìn orin, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á máa ka iṣẹ́ tí oníkálukú rán: kí Lamas wá mú ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò lóko olóko, ìyàwó Zerpa ti bímọ, obìnrin ló bí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Àwọn Òkú, ó ka ti Fidencio Tolaba pé: "Sí ìdílé Tolaba ní Ojo de Agua. Ẹ má yan àkàbà Olegaria o. Fidencio fúnra rẹ̀ ló ń gbé e bọ̀."

Ẹyin lohùn. Fidencio ò rò ó débẹ̀ nígbà tó ń rán iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá kú lókè yẹn, ọdún mẹ́ta ló fi ń padà wá jẹun nílé. Ọ̀sán gangan ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ọkàn rẹ̀ ń wọlé. Wọn á ti tẹ́ tábìlì dè é, gbogbo ohun tó fẹ́ràn á wà níbẹ̀. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, á dìde. Ọdún kìíní àti ìkejì ò ní wàhálà, ó mọ̀ pé òun tún ń bọ̀. Ìkẹta ni ìdágbére. Àkàbà tí wọ́n fi búrẹ́dì ṣe ni wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fún un lọ́dún yẹn kó lè rí nǹkan gùn lọ sókè, kó má baà máa rìn gbéregbère láàárín òkúta.

Ẹ̀gbọ́n Fidencio ni Olegaria. Ẹ̀yìn Olegaria ló gbé dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, tí àwọn méjèèjì jọ ń da láámà, ẹran ọ̀sìn ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń sìn lókè yẹn. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ dágbére fún ìyá náà, Fidencio kékeré yọ́ ìtẹ̀sẹ̀ kan jẹ lára àkàbà tí wọ́n yan. Olegaria gbá a létí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ olójúkòkòrò yìí, ìwọ lo máa yan tèmi. Tí ìtẹ̀sẹ̀ kan bá sì dín níbẹ̀, màá padà wá fún ẹ ní ìgbátí mìíràn." Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Àmọ́ èwo nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹni lèèyàn ń rántí bí kò ṣe àwàdà rẹ̀?

Kí irùngbọ̀n tó hù lágbọ̀n Fidencio ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ ìrèké nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì darúgbó sí. Lọ́dún kìíní tí Olegaria padà wá lẹ́yìn ikú rẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni Fidencio wà. Lọ́dún kejì, ẹrẹ̀ ya bo ọ̀nà, ọkọ̀ kankan ò kọjá. Èyí tó kù nìyí.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kìíní ló gbéra, òun nìkan, nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń wúkọ́ ju ẹni tó ń wà á lọ. Ó fi aṣọ funfun wé àkàbà náà, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé e, ó sì fi okùn dè é. Bó ṣe ń gòkè ni igi ń fi í sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Igi ńlá ló kọ́kọ́ dúró, igbó ṣúúrú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń nàró létí òkè bí àwọn àlejò tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, ó ku koríko pupa rúsúrúsú, òkúta, àti ojú ọ̀run. Etí rẹ̀ dí. Ó fi ewé koka, tí àwọn ará òkè máa ń jẹ kí òkè má baà mú wọn, sẹ́ẹ̀kẹ́, ó ń fa omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní Humahuaca, obìnrin tó ń ta epo ọkọ̀ na ọrùn wo inú ọkọ̀.

"Bàbá, ta lẹ gbé síwájú yẹn? Ìyàwó tuntun ni?"

"Àkàbà ni."

"Yéè! Ẹ̀yin ni Bàbá Alákàbà! A gbọ́ yín lórí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí n rí i."

"Mi ò ṣí i. Atẹ́gùn ń fẹ́."

"Ẹ̀rù ń bà yín kí n má bù ú jẹ, àbí?"

Fidencio rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ kan etí rẹ̀ láìmọ̀.

Ní Abra Pampa, ọlọ́pàá tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ò tilẹ̀ béèrè ìwé ọkọ̀. Ó kàn juwọ́, ó ní, "Ẹ máa lọ, Bàbá. Olegaria ò ní fẹ́ kí n dá yín dúró." Ọkùnrin náà ò mọ Olegaria rí. Láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tí kò rí Fidencio rí ń pè é lórúkọ, wọ́n ń sọ fún un pé kó yára, wọ́n tún ń sọ fún un pé kó rọra.

Lórí òkè tí ọ̀nà ti ń ré kọjá sí apá kejì, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò kó òkúta jọ sí, ó sọ̀kalẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kánjú. Ó gbé òkúta tirẹ̀ lé e, ó fi ewé koka mélòó kan sábẹ́ rẹ̀. "Ìyá Ilẹ̀," ó ní, "kì í ṣe èmi ni mò ń rìn, ẹ̀gbọ́n mi ni. Jẹ́ kí n kọjá." Oòrùn ti wà ní àtàrí rẹ̀ gan-an. Ó mọ̀ pé àsìkò yẹn ni Olegaria ń wọlé ní Ojo de Agua, tó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Ó bá pariwo sínú atẹ́gùn pé: "Ẹ kú àbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ máa jẹun lọ, mò ń bọ̀!"

Ọ̀dà tán lẹ́yìn ibẹ̀. Ọ̀nà tó kù wú kúlukùlu bí egungun ẹ̀yìn, ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe. Fidencio fi ọwọ́ kan mú ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, ó fi èkejì di àkàbà mú. Ó gbọ́ nígbà tí ìtẹ̀sẹ̀ kan dún "kẹ́" lábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ òmíràn, èyí ò wá láti ara búrẹ́dì. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ti dún, pàà, bí ẹni na pàṣán, èéfín sì bo gíláàsì iwájú. Fáńbẹ́ẹ̀tì ti já. Ẹ̀rọ ọkọ̀ kú, ọkọ̀ náà sì yí fúnra rẹ̀ wọ Pozo Amargo, nítorí pé ìsàlẹ̀ òkè ni abúlé náà wà, Ọlọ́run ló ṣe é.

Ilé mẹkáníìkì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti Casimiro Puca. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú ilé, wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú sórí tábìlì, wọ́n kó búrẹ́dì, àgbàdo, sìgá àti ife ọtí sí i. Bàbá Casimiro ni wọ́n tẹ́ ẹ fún. Ìyá Casimiro, Ponciana arúgbó, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kúulé o."

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó," Ponciana wí. "Ẹ gbàdúrà fún ọkọ mi kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó gbé yín wá."

Fidencio ṣí fìlà, ó gbàdúrà. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹran láámà wá, ó jẹ ẹ́. Wọ́n gbé ọtí àgbàdo wá, ó ta díẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀, ó mu ìyókù. Èèyàn kì í kọ oúnjẹ òkú.

"Casimiro, ọmọ mi, fáńbẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi ló já."

"Mo gbọ́ ọ láti orí òkè, Bàbá. Mo ní èyí tó máa bá a mu. Ó wà lórí ìṣó níbẹ̀ yẹn."

"Ọlọ́run ṣeun!"

Casimiro ò dìde. Ó ń wo tábìlì.

"Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni," ó ní. "Ẹ mọ̀ ọ́n. Irin kì í dún nínú ilé tí òkú ti ń jẹun."

Fidencio mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n.

"Òun ló kọ́ mi níṣẹ́," Casimiro ń bá a lọ. "Tó bá gbọ́ ìró sípánà báyìí, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á ní òun ń lọ wo ohun tí mò ń bàjẹ́."

"Á lọ lóòótọ́," Ponciana wí. "Bó ṣe ṣe ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Fidencio náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe? Ìbá jẹ́ òun ni, òun náà ò ní fọwọ́ kan irin. Casimiro ò ní lè dìde títí di ọ̀sán ọ̀la, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá lọ. Ọ̀sán ọ̀la yẹn kan náà ni Olegaria máa dìde. Ó wo ojú gbogbo wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀ tó lè bínú sí.

Ó béèrè ọkọ̀ mìíràn. Ẹni kan ṣoṣo tó tún ní ọkọ̀ lábúlé ti gbé e lọ síbi tábìlì àwọn àna rẹ̀. Ó béèrè rédíò, bóyá wọ́n lè bá òun rán iṣẹ́ kíákíá pé kí ará ilé yan àkàbà fúnra wọn. Ponciana yí rédíò sókè díẹ̀ kó gbọ́: orin ìsìn nìkan ni wọ́n ń fi sí i. "Obìnrin tó ń ka iṣẹ́ yẹn náà ní òkú tirẹ̀," ó ní. Fidencio wá béèrè bóyá òun lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ta ni?" Ponciana bi í. "Ẹsẹ̀ tiyín yìí? Ìgbín á ti kí yín káàbọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹ gbé àkàbà yẹn wọlé, jàre."

Wọ́n ṣí aṣọ rẹ̀. Ìtẹ̀sẹ̀ méjì ti já, ẹ̀gbẹ́ kan ti sán. Ponciana gbé e sọ́wọ́, ó wọ̀n ọ́n.

"Ta ló kọ́ yín ní búrẹ́dì yíyan? Èyí wúwo bí ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ó kọ́ yín dáadáa, ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ẹ̀kọ́." Ó po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin, ó fi lẹ àwọn ìtẹ̀sẹ̀ náà padà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó gbẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó gún régé ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Àkàbà ti dára báyìí. Ọ̀nà ni kò sí.

Ní ọjọ́ kejì, Fidencio jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òjìji òpó kan nínú àgbàlá bó ṣe ń kúrú. Kò sí ohun tó lè fi di oòrùn mú. Àwọn ará abúlé ń kọjá láti ilé dé ilé, wọ́n ń kí i, wọ́n ń gbàdúrà, ẹnì kan fi búrẹ́dì kékeré tó rí bí ẹyẹlé sí i lọ́wọ́. Òjìji náà wọ abẹ́ òpó, kò hàn mọ́. Nínú ilé, ó gbọ́ tí Casimiro ń sunkún, tí wọ́n ń gbé ife kúrò lórí tábìlì.

Casimiro jáde pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Iṣẹ́ náà ò pẹ́ rárá. Èèyàn ò tíì jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tán tó ti parí.

"Ẹ máà bínú, Bàbá."

"Kí ni màá bínú sí? Ṣé bàbá rẹ lọ ire?"

"Ó lọ ire."

Nígbà tí Fidencio yọ sí Ojo de Agua, òjìji ilé ti gùn. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni àkàbà. Onígi ni, èyí tí wọ́n máa fi ń gun òrùlé. Wọ́n gbé e ti ògiri àgbàlá, wọ́n so òdòdó bébà mọ́ orí rẹ̀.

Nicanor, àbúrò rẹ̀, pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ. A dúró títí oòrùn fi yẹ̀. Ẹ ti ní ká má yan án, ààrò sì ti tutù." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. "Ìyẹn la fi gbé èyí jáde."

"Ibo ló dé?"

Nicanor gbójú sókè. "Ó dé òrùlé."

Ojú ọ̀run sún mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọdé lè rò pé òkò òun máa bà á. Fidencio wò ó láti orí òrùlé lọ sókè, ó sì fi ọwọ́ bo ojú.

"Ẹ má sunkún, Bàbá," Delfina, ọmọ Olegaria, wí. "Màmá mọ̀ ọ́n gùn. Ta ló ń tún òrùlé yẹn ṣe títí wọ́n fi kú?"

Wọ́n tú aṣọ funfun náà. Ìtẹ̀sẹ̀ kankan ò dín. Wọn kì í tọ́jú búrẹ́dì òkú sílẹ̀, jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Delfina ṣẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ kan, ó fi lé e lọ́wọ́. Fidencio gé e jẹ, ó sì dúró díẹ̀ kó tó gbé e mì, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń retí nǹkan létí rẹ̀. Atẹ́gùn ló fẹ́ wá lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gbé àkàbà onígi náà kúrò níbẹ̀. Nígbà tí òjò dé, òrùlé Nicanor ń jò. Kò fọwọ́ kan èyí tó wà lára ògiri, ilé aládùúgbò ló ti lọ yá àkàbà.