Òkúta Tí Rawdha Dà Sínú Òkun

Ní Kerkennah, erékùṣù wa ní Tùnísíà, òkun kì í tètè jìn. Èèyàn lè rìn wọnú rẹ̀ títí ilé á fi kéré lẹ́yìn rẹ̀, omi ò sì ní kọjá orúnkún. Láàárọ̀ tí atẹ́gùn bá sinmi, omi àti ojú ọ̀run á di àwọ̀ kan náà, ọkọ̀ tó wà lókèèrè á sì dà bí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú òfuurufú.

Níbẹ̀ ni Rawdha dàgbà sí. Ó lọ kàwé ní Sfax, ìlú ńlá tó wà lódìkejì omi, ó padà wálé, ó sì di olórí ìpolongo tí a dá sílẹ̀ láti dáàbò bo koríko abẹ́ òkun. Inú koríko yẹn ni ẹja ń yé sí, ibẹ̀ náà ni ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí gbogbo wa fi ń jẹun ń sá sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan ti dé tí ń wọ́ àwọ̀n wúwo nílẹ̀ òkun, tí ń hú koríko náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Mongi, ẹ̀gbọ́n Rawdha, ló ni ọ̀kan nínú wọn.

Bí Rawdha bá dìde sọ̀rọ̀ nípàdé, ẹnì kan á sọ láti ẹ̀yìn pé, "Olórí ìpolongo, lọ polongo nílé yín ná."

Á rẹ́rìn-ín, á máa bọ́rọ̀ rẹ̀ lọ.

Níkẹyìn, a fẹnu kò pé ká da òkúta ńlá-ńlá sílẹ̀ òkun, kí àwọ̀n má lè rìn níbẹ̀ mọ́. Ìjọba fọwọ́ sí i. Kí Rawdha tó kéde rẹ̀, ó lọ bá Mongi ní èbúté, níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. A fẹ́ da òkúta síbi tẹ́ ẹ ti ń pẹja."

Mongi ò gbójú sókè. "Ṣé òkúta yẹn ni kí n wá máa jẹ?"

"Ẹ bá mi rìn wọnú omi lọ́la. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ bínú lẹ́yìn ẹ̀, ẹ máa bínú."

"Ẹ̀rù mi ń bà ọ́."

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n rìn lọ. Lójú àwa tá a wà létíkun, wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń rìn lójú àlá. Koríko kọ́kọ́ ń fara kan ẹsẹ̀ wọn, ó rọ̀ bí irun ọmọ ọwọ́. Nígbà tó yá, omi dé ìbàdí, kò sì sí koríko mọ́. Iyanrìn funfun nìkan ló kù, pẹ̀lú ojú ibi tí àwọ̀n wọ́ gbà, ó gùn lọ gbọọrọ. Mongi bẹ̀rẹ̀, ó bu iyanrìn náà, ó jẹ́ kó máa dà láàárín ìka rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ibí ni koríko ti gbé Màmá ṣubú nígbà tá a wà lọ́mọdé, tí àwọn fúnra wọn sì ń rẹ́rìn-ín?" Mongi béèrè.

"Ibí ni."

Wọ́n rìn padà sí etíkun.

Ọjọ́ iṣẹ́ pé, ọkọ̀ tí a háyà ò wá. Ọlọ́kọ̀ ránṣẹ́ pé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, gbogbo wa sì mọ̀ pé àwọn tó ń wọ́ àwọ̀n ló ti halẹ̀ mọ́ ọn. Rawdha jókòó lórí òkúta kan, ó ń wo omi. Òòrùn ti ga nígbà tí ọkọ̀ Mongi yọ látinú kùrukùru ojú omi, kò sí àwọ̀n lórí rẹ̀.

"Ẹ máa gbé òkúta yẹn bọ̀," ló wí. "Mo mọ ibi tí àwọ̀n mi ń gbà."

Bàbá Lazhar, àgbà nínú àwọn apẹja, wò ó. "Mongi, kí lo máa wá jẹ?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá ń jẹ ni, Bàbá."

A rẹ́rìn-ín. Rawdha fi ìborùn bojú, ó yíjú sí òkun. Òkúta ń lọ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń pa dé lórí wọn láìpariwo.

Kò rọrùn fún Mongi. Ó ta ọkọ̀ ńlá náà, ó padà sídìí imọ̀ ọ̀pẹ tí bàbá wọn fi ń ṣe ọgbà tí wọ́n fi ń dẹ ẹja nínú omi. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọ́ àwọ̀n tẹ́lẹ̀ kì í kí i mọ́. Koríko náà ò sì tíì hù. Rawdha sọ pé kì í tètè hù, ó ṣeé ṣe kó má ṣojú òun.

Àmọ́ nígbà tí òtútù lọ, èmi àti àwọn méjèèjì wakọ̀ lọ síbi òkúta. Mongi rì sínú omi, ó pẹ́ díẹ̀, ó yọrí.

"Ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà láàárín òkúta," ló wí.

"Kí ló ń ṣe?" Rawdha béèrè.

"Ó kàn ń wò mí ni."