Camp Tí Ìjọba Kó Màmá Michiko Lọ

Òtútù ọjọ́ Sátidé yẹn le débi pé ọ̀rọ̀ ń dì sí èèyàn lẹ́nu. Mo kí aládùúgbò wa kan ní Penbrooke, ní Calgary ti Canada níbí, "good morning" mi já bọ́ sórí snow, ó fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá gbé níbí ní January.

Basement ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́ládé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni mò ń gbé. Ọmọ rẹ̀, Tófúnmi, ní iṣẹ́ ilé-ìwé kan tí kò jẹ́ kó sùn: bí ayé ṣe rí ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, tí ogun àgbáyé kejì sì tún gun ìyẹn lórí. Tíṣà ní dandan ni kó gba ohùn ẹni tó fojú rí i. Ẹnì kan ṣoṣo la mọ̀: Màmá Michiko, ìyá arúgbó tó ń gbé ní òdìkejì títì. Japan ni àwọn òbí wọn ti wá, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí wọn sí, ọkọ ló gbé wọn wá sí Calgary. Wọn ò sọ ìtàn náà fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọmọ bíbí inú wọn. Torí pé Tófúnmi máa ń bá wọn kó snow ni wọ́n ṣe gbà.

"Uncle, no jokes today," ni Tófúnmi wí. "If she leaves, she's not coming back."

"Èmi kẹ̀? Òkúta ni mí lónìí."

Màmá Michiko wọlé. Wọ́n kéré débi pé kóòtù ló wọ̀ wọ́n, kì í ṣe àwọn ló wọ kóòtù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tíì fún wọn. Tófúnmi tẹ fóònù rẹ̀ láti gba ohùn wọn, ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà nígbà ogun.

"Camp," ni màmá fi Gẹ̀ẹ́sì wí. "Ìjọba kó wa lọ sí camp. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà."

Ẹ gbọ́ ná. Kí ni ọmọ Nàìjíríà mọ̀ sí camp? Ibi tí wọ́n ń kó àwọn àgùnbánirọ̀ lọ ni, pẹ̀lú ṣòkòtò kákí àti fèrè òwúrọ̀. Èmi ò kàwé débẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo din ẹyin ní Mammy Market inú camp Ìsẹ́yìn, ẹyin tó pọ̀ tó láti fi ṣe afárá dé Ìlọrin. Mo bá fò dìde, mo kí wọn bíi sójà, mo fi ẹnu fun fèrè, mo yan yí tábìlì ká.

"Màmá, ta ni kọmándà yín? Ṣé ẹ jẹ ẹyin díndín níbẹ̀? Àbí ibẹ̀ lẹ ti rí ọkọ?"

Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní Chestermere, ìlú kejì. Èmi nìkan ni.

Màmá gbé ife kalẹ̀. "Ní camp tìrẹ, ibo ni àwọn sójà kọ ẹnu ìbọn sí?"

"Ìta ni, mà. Kí olè má baà wọlé."

"Inú ni tiwa kọ sí."

Màmá ti dìde, wọ́n ti ń wá bàtà wọn. Tófúnmi ò sunkún, ó kàn ń wò mí.

"Gbénga," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "o ti ṣe é."

Ara mi ṣe ohun tó mọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, láàárín àwọn bàtà tó ń ṣomi.

"Nọ́ọ̀sì," ni màmá wí, "àbúrò rẹ ti dákú. Pe ambulance."

"He's fine," ni Tófúnmi dáhùn. "He's begging you. He won't get up till you say so."

"Kó wà níbẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n bá jókòó sórí àtẹ̀gùn, bàtà kan lẹ́sẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Èmi ń gbọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bàbá wọn ń gbin èso strawberry ní California. Nígbà tí ebi dé, tí àwọn aládùúgbò ò níṣẹ́, bàbá màmá ń bu èso fún wọn láti ẹ̀yìn ọgbà. Ìjọba wá fún àwọn aládùúgbò náà níṣẹ́ ọ̀nà ṣíṣe, bàbá sì ń yin ìjọba lórí oúnjẹ. Àfi ìgbà tí Japan ju bọ́ǹbù lu Amẹ́ríkà. Ìjọba kan náà lẹ ìwé mọ́ òpó iná: gbogbo ẹlẹ́jẹ̀ Japan, ẹ múra, ohun tí ọwọ́ yín bá lè gbé nìkan. Ilé ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí, ní pápá eré ẹṣin. Wọ́n kun ògiri ní ọ̀dà funfun, irun ẹṣin ṣì wà nínú ọ̀dà náà.

"Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ibẹ̀ ni wọ́n bí yín sí."

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń retí ọjọ́ tí yóò búra di ọmọ Canada, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"What did your dad carry?" ni Tófúnmi bi wọ́n.

"Àwòrán ààrẹ Amẹ́ríkà. Ó gbé e kọ́ sínú ilé ẹṣin. Ó ní bí àwọn sójà bá rí i, wọ́n á mọ̀ pé àṣìṣe ni."

"Did they see it?"

"Ojoojúmọ́," ni Màmá Michiko wí. Wọ́n wá wò mí, wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù.